Ẹ̀jẹ̀ Tó Gbé Irin Wọlé

Lọ́dún 1946, àwọn òṣìṣẹ́ wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í rin erékùṣù Kípírù já, oògùn DDT tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn wà léjìká wọn. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ erékùṣù inú Òkun Mẹditaréníà yìí sí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Bánábà. Nígbà tí à ń wí yìí, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Mehmet Aziz, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà Tọ́kì, ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ó pín ilẹ̀ náà wẹ́wẹ́ lórí máàpù, ó yan ẹni tí yóò máa bójú tó apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wá omi tó dárogún kiri: kànga, kòtò, ihò àpáta, títí kan ojú ẹsẹ̀ ẹran tí òjò rọ̀ sí. Nígbà tó fi máa di 1950, ibà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Kípírù.

Ohun kan wà tí kò bá ibà lọ. Látọjọ́ pípẹ́, bí dókítà bá fọwọ́ ba ikùn ọmọ abúlé, tó rí i pé spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì, ti wú gbandi, ibà ló máa pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà ti lọ tán, àwọn ọmọ kan ṣì wà tí ikùn wọn ga, tí ojú wọn funfun bíi ti ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, tí egungun iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ síta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í pé ọdún 6 láyé. Ẹ̀fọn kọ́ ló kó àrùn ràn wọ́n. Ọ̀dọ̀ baba àti ìyá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Thomas Cooley, dókítà ọmọdé ní ìlú Detroit, àti Pearl Lee tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ ya irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣègùn lọ́dún 1925. Ọmọ àwọn tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti Ítálì àti Gíríìsì ni wọ́n. Ní 1932, George Whipple àti William Bradford ní ìlú Rochester fún àrùn náà lórúkọ tó ń jẹ́ dòní, tálásẹ́míà. Àwọn méjèèjì yẹ òkú àwọn ọmọ náà wò fínnífínní, wọ́n sì bá irin tó pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara míì. Ìgbà náà, fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára kò tíì wọ́pọ̀ rárá. Ìyẹn ni pé irin ti ń kó jọ sára àwọn ọmọ yìí kí ìṣègùn tó wá fi kún un. Nígbà tó di 1944, Alan Fawdry, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kípírù, kọ̀wé sínú The Lancet pé àrùn náà wà ní erékùṣù yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n lé ibà lọ ni gbogbo ayé wá rí bó ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòro fún Yorùbá tó mọ ohun tí AS àti SS jẹ́. Ẹni tó gba àbùdá tálásẹ́míà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo kì í ṣàìsàn. Ó lè dàgbà, kó darúgbó, kó má mọ̀ pé ó wà lára òun. Ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni ẹ̀jẹ̀ kì í tó lára rẹ̀. Bí ọkọ àti aya tí wọ́n jọ ní in bá lóyún, nínú oyún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan gbà á lápá méjèèjì, ewu kan náà yẹn ló sì wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ní Kípírù, nínú èèyàn 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ní in. Ibà ló fà á, bó ṣe jẹ́ pé ibà náà ló mú kí AS pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ọmọ tó ní àbùdá kan péré máa ń rọ́wọ́ mú lọ́wọ́ ibà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn ló mú kí àbùdá náà máa ti ìran dé ìran. Aziz lé ibà kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí ibà ti gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí DDT lè pa.

Ohun tí dókítà lè ṣe ni pé kí ó fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára. Láwọn ọdún 1950, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ dákú ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i lára, ara rẹ̀ á gbé kánkán, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tún di ojú ikú. Ní 1964, Irving Wolman ní ìlú Philadelphia fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ púpọ̀ ń dàgbà dáadáa ju àwọn yòókù lọ, egungun wọn kì í wọ́ bíi tàwọn yòókù, ọkàn wọn kì í sì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe di pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin nìyẹn. Ojú àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń lọ síléèwé. Àwọn òbí tó ti ra aṣọ òkú sílẹ̀ wá ń ra yunifọ́ọ̀mù.

Inú ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ni irin wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irin ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ṣe láìní in. Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá pé kò ju gíráàmù 3 sí 5 lọ. Lójúmọ́, nǹkan bíi mílígíráàmù 1 péré ló ń kúrò lára, láti ara awọ tó ń bó àti inú ìfun, mílígíráàmù 1 náà la sì ń rí gbà padà nínú oúnjẹ. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan ní mílígíráàmù 200 sí 250 irin nínú. Ẹni tó bá ti gba páìǹtì 20 ti kó gíráàmù 4 sí 5 wọlé, irin tó tó ti odindi èèyàn míì ni wọ́n fi kún tirẹ̀ yẹn. Ara kò sì ní ọ̀nà kankan tó ń gbà lé irin tó pọ̀ jù jáde. Kíndìnrín kò mọ̀ ọ́n tọ̀, òógùn kò gbé e. Bí ilé tó ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé tí kò ní ti àbájáde ni ara ṣe rí fún irin.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gbé irin dání kí ó má bàa ṣèèyàn léṣe. Nígbà tí ọwọ́ wọn bá kún, irin a máa rìn kiri fúnra rẹ̀, a sì wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a le. Ó ń wọ ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì, ọmọ ọdún 13 a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àtọ̀gbẹ. Ó ń wọ ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, èyí tó ń pàṣẹ pé kí ọmọ bàlágà. Ọmọbìnrin a pé ọdún 16 láìrí nǹkan oṣù, ọmọkùnrin a pé 17 kí ohùn rẹ̀ má tíì kì. Awọ ara á ṣú bí eérú. Níkẹyìn, irin á wọ ọkàn. Mary Allen Engle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣàlàyé rẹ̀ ní 1964: bí ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà, díẹ̀ ló ń pé ọdún kan sí i.

Nítorí náà, ikú tí ẹ̀jẹ̀ gbé kúrò ní ọmọ ọdún 5 ń padà wá bá wọn ní ọmọ ọdún 15 tàbí 18. Ó ṣòro láti fojú kéré ohun tí èyí ṣe fáwọn òbí. Ọmọ tó kú lọ́dún 5 kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún 16 mọ̀, ó sì ń rí i bí àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù ṣe ń dín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa yọ irin náà kúrò ti wà nílẹ̀. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel àti ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zurich, lára wọn ni Vladimir Prelog, ń yẹ àwọn ohun tí kòkòrò tíntín inú iyẹ̀pẹ̀ ń pèsè wò bóyá wọ́n á rí oògùn tuntun tó ń pa kòkòrò àrùn. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò yẹn, Streptomyces pilosus, ń ṣe èròjà kan tó fi ń mú irin. Bí wọ́n bá yọ irin kúrò nínú èròjà náà, tí wọ́n sì gún un sí èèyàn lára, á lọ dì mọ́ irin inú ara, á sì bá a jáde nínú ìtọ̀. Ohun tí kíndìnrín kò lè dá ṣe, èròjà yìí bá a ṣe é. Wọ́n pè é ní desferrioxamine. Ní 1962, Sephton Smith kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun ti rí i tó ń fa irin jáde lára àwọn ọmọ tó ní tálásẹ́míà.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí lónìí á rò pé láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọmọ ti ń gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà wò ó pé irin tó ń yọ kò pọ̀ tó èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń kó wọlé, pé kò tó ohun tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ máa fi abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ jẹ ọmọ níyà. Ọdún 12 kọjá kí Barry, Letsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi hàn ní 1974 pé irin inú ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ti ń gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kéré gan-an sí tàwọn tí kò gbà á. Láàárín ọdún 12 yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ló ti lọ. Bí ẹ̀bi kan bá wà nínú ìtàn yìí, lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn ló wà: oògùn wà, ìpinnu ni kò sí.

Àṣírí bí oògùn náà ṣe máa ṣiṣẹ́ tú ní 1976, ní ìlú Boston lọ́dọ̀ Richard Propper àti David Nathan, àti ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ Victor Hoffbrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gún desferrioxamine lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara a tètè tọ̀ ọ́ dànù kó tó rí irin tó pọ̀ mú. Bó bá ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, irin tó ń jáde á pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ lè so mọ́ra sùn ni wọ́n wá nílò. Martin Wright, Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe irú ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń mọ awakọ̀ tó ti mutí, ló ṣe ọ̀kan: bátìrì ló ń lò, ó ń ti ẹ̀yìn sírínjì díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí àwọn ọmọ tálásẹ́míà ló ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó ti dojú ikú gbà á lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló sì mú kí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó lò ó ló mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún.

Ẹ wo bí alẹ́ kan ṣe máa ń rí nínú ilé ọmọ tó ní tálásẹ́míà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá á fọwọ́, á gbé ìgò kéékèèké tó ní ìyẹ̀fun funfun nínú jáde. Á fi abẹ́rẹ́ fa omi sí i, á rọra mì ín títí á fi yọ́, á fà á sínú sírínjì, á sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu so mọ́ ọn. Á wá ibi tí kò tíì le lára ikùn ọmọ tàbí itan rẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n gún lánàá á ṣì wú. Á ki abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ awọ, á fi píláásítà lẹ̀ ẹ́, á so pọ́ǹpù mọ́ ọmọ nídìí, wákàtí 8 sí 12 sì bẹ̀rẹ̀. Lóru, bí ọmọ bá yí padà lé e lórí, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Láàárọ̀, ìtọ̀ ọmọ á pọ́n bí omi tí wọ́n re ewé pupa sí, ìyá á sì mọ̀ pé irin ti bá a jáde. Alẹ́ 5 tàbí 6 lọ́sẹ̀, látìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún 2 tàbí 3, títí ayé rẹ̀. Àwọn ìyá kan ń ṣe é fún ọmọ méjì mẹ́ta nínú ilé kan náà.

Oògùn yìí wọ́n, ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò sì dínwó. Kípírù tó gba òmìnira ní 1960 jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré, èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 600,000 lọ. Tó bá sún mọ́ 160 ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, ọ̀kan á ní àrùn náà. Nígbà tí ọmọ ń kú ní ọdún 5, iye àwọn aláìsàn kì í pọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ti ń mú kí wọ́n dàgbà, ọdọọdún ni wọ́n ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni páìǹtì ẹ̀jẹ̀ àti ìgò oògùn. Michael Angastiniotis àti Minas Hadjiminas, àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Nicosia, jókòó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú àjọ ìlera àgbáyé. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìtọ́jú àrùn kan ṣoṣo yìí á gbé gbogbo owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ìlera mì, tí àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ò sì ní kájú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n nílò.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Wọ́n lè dín ìtọ́jú kù fáwọn tó wà láàyè, tàbí kí wọ́n tọ́jú wọn dójú àmì, kí wọ́n sì wá bí wọ́n á ṣe máa bí irú wọn mọ níwọ̀nba. Wọ́n mú ọ̀nà kejì. Ìpinnu yẹn ni mo kà sí ohun tó ga jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, ó sì ga ju oògùn èyíkéyìí lọ. Ìjọba gba ẹrù desferrioxamine àti ẹ̀jẹ̀, ó fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wò. Àwọn òbí tó ní ọmọ aláìsàn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé sọ fáyé ohun tójú wọn ń rí. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Láwọn ọdún 1970 tó ń parí lọ, tọkọtaya tí wọ́n jọ ní àbùdá náà ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bernadette Modell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College Hospital lè yẹ oyún wọn wò. Wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ inú oyún láti mọ̀ bóyá ó ní àrùn náà. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe é ní Kípírù fúnra rẹ̀. Àwọn kan gbà kí wọ́n ṣẹ́ oyún náà, àwọn kan kọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún ẹnikẹ́ni, pàápàá nílẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì ti lẹ́nu lórí bí èèyàn ṣe ń gbé ìgbé ayé rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò dákẹ́. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò fọwọ́ sí oyún ṣíṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé ọkọ láìmọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àlùfáà kì í so tọkọtaya pọ̀ bí wọn kò bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìwé náà kì í sọ èsì. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni yìí ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ti là á lóye. Èsì jẹ́ àṣírí àwọn méjèèjì, àwọn náà ló ń pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ṣì ń fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ogun 1974 tó pín erékùṣù náà sí méjì, àwọn Tọ́kì tó wà lápá àríwá náà sọ àyẹ̀wò kó tó dìgbéyàwó di òfin lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn èèyàn tí kò lè jókòó nídìí tábìlì kan náà fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú tálásẹ́míà ní Kípírù kò tó nǹkan mọ́, láwọn ọdún kan kò sí rárá. Nicosia ló sì wá di ibùjókòó Thalassaemia International Federation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986.

Gbogbo èyí kò yanjú ọ̀ràn abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún 6 á gbà kí ìyá òun gún òun. Ọmọ ọdún 17 tó ń wá ọ̀rẹ́kùnrin á tú pọ́ǹpù sílẹ̀, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò ní mọ ìyàtọ̀ lọ́la tàbí lọ́túnla. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọkàn á sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Modell ka àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2000, tí ọmọ àwọn ará Kípírù tó ń gbé àríwá Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn, ó rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 35. Oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àárẹ̀ ló ń pa wọ́n.

Oògùn oníhóró ni gbogbo wọn ń wá. George Kontoghiorghes, ọmọ Kípírù, àti Robert Hider ló ṣe deferiprone jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1987. Ó ń fa irin jáde, pàápàá nínú ọkàn, ṣùgbọ́n ó lè ṣàdédé gbé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kan ṣubú. Ní Toronto, Nancy Olivieri, dókítà tó ń dán an wò, sọ ní 1996 pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, ó sì fẹ́ sọ fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Apotex tó ń náwó sí iṣẹ́ náà dá a dúró, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn pé òun máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Awuyewuye yẹn gba gbogbo Kánádà kan. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn náà ní 1999, Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i títí di 2011. Deferasirox, oògùn míì tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2005.

Ní 2001, àwọn dókítà ní Royal Brompton Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, Lisa Anderson àti Dudley Pennell wà lára wọn, fi ẹ̀rọ MRI wo irin inú ọkàn láìla àyà. Wọ́n rí ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ẹni tí irin inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ lè ní ọkàn tó kún fún irin. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti ń gbára lé látọjọ́ pípẹ́ kì í sọ gbogbo òtítọ́. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tètè rí ẹni tó wà nínú ewu, tí wọ́n sì ń fi oògùn méjì pọ̀ fún un. Ikú wálẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ́ǹṣì ọsibítù ìgbà yẹn tó ṣẹ́ kù ti lé ní 50 ọdún báyìí, àwọn kan ti bímọ, àwọn kan ti ní ọmọ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àìsàn arọmọléegun, fòníkú-fọ̀ladìde tó ń ṣe àwọn SS, kì í fi dandan béèrè ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù bíi tálásẹ́míà. Ṣùgbọ́n ní 1998, Robert Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí ọmọ SS bá wà nínú ewu rọpárọsẹ̀, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára déédéé, ewu náà á fi ìdá 92 nínú 100 dín kù. Nígbà tí wọ́n dán an wò láti dáwọ́ ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ewu náà padà. Nítorí náà, ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dáwọ́ dúró, irin á sì máa kó jọ. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ní SS ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, oògùn tó ń kó irin jáde wà lára ohun tí wọ́n ń mu, MRI sì wà fún wọn. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kì í sábà rí irú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá, àwọn ẹbí ló ń sáré kiri wá a.

Ohun míì tún wà tó yẹ kí àwọn òbí mọ̀. Bí ojú ọmọ bá funfun, ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ sí kẹ́mísì ra oògùn ẹ̀jẹ̀, omi pupa dídùn inú ìgò. Irin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Fún ọmọ tí kò ní irin lára, ó dára. Fún ọmọ SS tó ti gba páìǹtì ẹ̀jẹ̀ bíi mélòó kan, irin ni wọ́n tún ń kó lé irin. Folic acid ni àwọn dókítà sábà ń fún ọmọ SS. Wọn kì í fún un ní irin àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò ní in. Àwọn tó ní tálásẹ́míà ní Kípírù tilẹ̀ mọ̀ pé kí àwọn máa mu tíì pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ìfun gba irin inú oúnjẹ tán.

Iṣẹ́ ti ń lọ nílẹ̀ wa náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju ló dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní ìlú Èkó, ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO ní 2001, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àbùdá ẹ̀jẹ̀ àti lórí kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá ń béèrè ìwé AA tàbí AS kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, bí ti Kípírù. Ìyàtọ̀ kan wà: lọ́dọ̀ tiwa, pásítọ̀ sábà máa ń fẹ́ rí èsì náà gan-an, àwọn míì sì ń kọ̀ láti so AS méjì pọ̀. Kípírù fi ìpinnu sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ́ra, wọ́n sì rí èrè rẹ̀.

Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, tí oògùn tó ń kó irin jáde sì wọ́n, àwọn dókítà ilẹ̀ Nàìjíríà wá ọ̀nà míì tí wọn ò fi ní fa ẹ̀jẹ̀ rárá. Ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, Ikeoluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ àwọn ọmọ SS, wọ́n sì ń fún àwọn tó wà nínú ewu ní hydroxyurea, oògùn oníhóró tí kò ní irin nínú. Ní apá àríwá, ní Kano àti àwọn ìlú míì, Najibah Galadanci, Shehu Abdullahi àti Michael DeBaun ti Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n méjì wéra, mílígíráàmù 10 àti 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022: àwọn ọmọ tó gba ìwọ̀n kékeré kò ní rọpárọsẹ̀ ju àwọn tó gba ìwọ̀n ńlá lọ. Ìwọ̀n kékeré túmọ̀ sí owó kékeré, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò pọ̀ jù, àti ọmọ tí a kò ní láti gún pọ́ǹpù sí níkùn lálaalẹ́ torí irin tí a fọwọ́ ara wa kó wọ inú rẹ̀. Ó ku àwọn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kí oògùn yìí tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà báyìí, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, kò sì tíì sẹ́ni tó wọn irin ara wọn rí.